Aṣọ Inú Àpótí Àlájà Barakah

Àní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́bàá Post Office kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà! Ọ̀jọ̀gbọ́n Ummu Kulthum, ọmọ Ọjà Tuntun tó gba àmì-ẹ̀yẹ lórí ìwádìí àìsàn ọmọ tuntun, ló wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Naimat tòun toyún oṣù kẹjọ wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Adéwọlé. Ìyá ọkọ rẹ̀, Àlájà Barakah, bá a wá, ó di Naeem, àkọ́bí Naimat, lọ́wọ́ mú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ike pẹlẹbẹ kan sókè. "Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún wa lẹ́bùn rèé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú ọmọ jòjòló, á fi hàn yín bí ibà pọ́njú ṣe pọ̀ tó lára ẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Naimat náà pàtẹ́wọ́.

"Àmọ́ ohun kan ń dùn mí," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa kan ò gba káńfọ̀ rárá, èyí tí à ń kó sáàárín aṣọ nítorí aáyán. Tẹ́ ẹ bá fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wé wọn, ojú wọn lè yẹ́lò. Tí wọn ò bá tètè rí ìtọ́jú, ó lè mú etí lọ. Ó lè mú ẹ̀mí lọ."

Naimat bojú wo Naeem. Nílé wọn, aṣọ funfun kan wà tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, láti ayé bàbá bàbá Naeem. Inú àpótí ló ń gbé, káńfọ̀ lọ́tùn-ún, káńfọ̀ lósì. Òun ni wọ́n fi wé Naeem. Nígbà tójú ọmọ yẹ́lò, Naimat ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsíbítù. Àlájà ní, "Ẹ sá a sóòrùn, ẹ fún un lómi ìbẹ́pẹ. Ọmọ wo lojú ẹ̀ kì í pọ́n?" Wọ́n ń sá ọmọ sóòrùn títí gìrì fi mú un. Háà! Láti ìgbà náà, Naeem ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àlájà dìde. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí etí bá ti lọ ńkọ́?"

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Mi ò lè dá a padà. Ẹ mú un wá ká yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ èyí tó wà níkùn ìyàwó yín yìí, ẹ lè gbà á sílẹ̀."

Wọ́n délé, Àlájà ṣí àpótí, ó da káńfọ̀ sí ṣálángá. "Naimat, forí jì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wé e."

Naimat fẹ́ sọ pé ó ti tán. Àmọ́ aṣọ funfun náà ló mú, ó rì í sínú omi ọṣẹ.

Naeem ń lé aláǹgbá kiri àgbàlá. "Naeem!" Àlájà pè é. Ó tún pè é. Ọmọ ò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹ fọ aṣọ tẹ́ ẹ bá jogún, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Tójú tàbí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun bá yẹ́lò, ọsíbítù ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de oòrùn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ẹ pe orúkọ ọmọ yín lónìí. Tó bá dáhùn, ẹ ní alhamdulillahi, kẹ́ ẹ wá lọ ṣí àpótí yín wò.