Wáyà Pupa Tí Kílódé Gé

"Ẹ má bínú o, mà. Ibí kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe irun."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Tísà bá mi sọ nìyẹn. Òjò ti pa mí, mo gbé dírayà ńlá tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ rù, omi ń kán sí mi lójú, ọkùnrin kan wá dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ń fi ọ̀wọ̀ lé mi padà.

Mo ní, "Ṣé mo sọ fún yín pé irun yín ni mo wá ṣe? Irun wo gan-an lẹ ní?"

Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó ti fá a kodoro. Àbúrò mi tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Ó gba dírayà lórí mi, ó gbé e wọlé. Mo rí i pé ó wúwo fún un, ṣùgbọ́n kò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Onídìrí ni mí. Èmi ni mo ń tọ́ àbúrò mi láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kò sì sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pè é mọ́. Kílódé là ń pè é, nítorí ìbéèrè. Kí ló dé tí iná fi ń ṣẹ́jú? Kí ló dé tí dírayà ò fi mọ̀ pé òun ti ń jó èèyàn? Ìbéèrè ẹ̀yìn yìí ló gbé wa dé gbọ̀ngàn.

Dírayà mi ti gbó, ó sì máa ń gbóná jù. Kílódé bá jókòó tì í, ó fi wáyà, bátìrì àti àlòkù fóònù ṣe àpótí kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá ti ń gbóná jù, àpótí náà á ké. Ni wọ́n bá sọ fún un nílé ìwé pé àgọ́ kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n máa ń ṣe nígbà ọlidé gígùn. Ọmọ olówó ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ tí apá ilé wọn ò ká a, oúnjẹ àti ibùsùn pẹ̀lú. Kí ọmọ ṣáà gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá kí wọ́n wò ó. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń yan ọmọ lákọ̀tun. Ẹni tí wọ́n mú lọ́dún yìí á tún padà wá gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Tísà wà lára àwọn tó ń yan ọmọ. Òun ló bi Kílódé ní ìbéèrè tó le jù. Ọmọ náà dá a lóhùn, ó sì bi òun náà padà. Wọ́n mú un. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ orúkọ ọkùnrin náà, kò mọ tèmi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ẹnu ayé ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí Kílódé wà ní àgọ́, Tísà yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun wá sọ fún mi pé ara ọmọ le. Mo dúpẹ́. Nígbà tó yá, ó tún wá sọ pé ara ọmọ ṣì le.

"Tísà," mo ní, "ara ọmọ yìí á máa le títí dìgbà wo?"

"Títí ẹ ó fi ní kí n jókòó."

Mo ní kó jókòó. Bí ó ṣe di pé ó ń wá nìyẹn. Mo ń di irun, ó ń sọ̀rọ̀. Mo ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Ó máa ń gbá irun ilẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Kílódé dé láti àgọ́, Tísà ò ṣíwọ́ wíwá, bẹ́ẹ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ti wà lójú mi níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní fi bò. Bí ó bá pẹ́ dé, ọwọ́ mi kì í balẹ̀ lórí irun tí mo ń dì.

Lọ́jọ́ kan, ó wọlé, kò tilẹ̀ kí wa tán.

"Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Mo ní kó jẹ́ kí n parí irun tí mo ń ṣe ná. Oníbàárà tó wà níwájú mi yí ọrùn padà. "Irun mi lè dúró," ó ní. "Dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn." Mo ní mo gbà.

Ayọ̀ náà ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí obìnrin kan wá tú irun. Wọn ò mú ọmọkùnrin tirẹ̀ fún àgọ́. Kílódé ń gbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ti wá mọ ọgbọ́n rẹ̀," obìnrin náà ní. "Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tó rẹwà ni wọ́n ń mú lọ sí àgọ́. Ìyá tó ti gbó bíi tèmi ni ọmọ tèmi ní."

Ó fi ṣe àwàdà, àwọn tó jókòó sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo wo Kílódé. Kò béèrè ohunkóhun. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí a palẹ̀ mọ́ tán, ó tú àpótí rẹ̀ kúrò lára dírayà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí à ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí, mi ò lọ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá tún mú mi, wọ́n á ní ojú yín ni wọ́n wò. Bí mo bá ṣe é dáadáa ju gbogbo wọn lọ, ojú yín náà ni. Kí ni mo tún ń ṣe é fún?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Àgọ́ yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè ọmọ yìí láìsọ pé kó jẹ́ kí àwọn sinmi, ó sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ nítorí pé mo rẹ́ni fẹ́.

Nígbà tí Tísà tún dé, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Má wá mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ ìyá mi ra ọkọ. Jẹ́ kó lọ sí àgọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

"Ìfẹ́ mi, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ."

"Bí o bá sọ̀rọ̀, màá yí ọkàn padà. Dákẹ́. Máa lọ."

Ó dákẹ́, ó lọ. Kò pè, kò ránṣẹ́. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo sọ fún Kílódé pé ọ̀rọ̀ èmi àti Tísà ti parí. Ó wò mí títí. Ó fa àpótí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Inú mi bàjẹ́, mo di irun kan fún ẹni tó ní kí n di òmíràn, ṣùgbọ́n ọmọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọdún fi máa yípo, àpótí náà kì í ké nìkan mọ́, ó ń pa dírayà fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ọmọ, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kílódé ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan kanlẹ̀kùn. Mi ò rí wọn rí.

"Ọmọ mi, bá mi ṣe irun yìí."

"Màmá, ẹ forí jì mí, a fẹ́ jáde ni."

"Irun arúgbó tó ṣẹ́ kù díẹ̀ yìí ló máa dí ọ lọ́wọ́?"

Ẹnu wọn mú ju tèmi lọ. Mo fọ irun náà, mo ká a sí rólà, mo ní kí wọ́n jókòó sábẹ́ dírayà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

"Ṣé o lọ́kọ?"

"Rárá, mà."

"Kí ló fà á? O ò kúkú burẹ́wà."

"Iṣẹ́ ló pọ̀, mà."

"Irọ́ nìyẹn," wọ́n ní. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ òmíràn ni wọ́n fò sókè. "Etí mi!"

Dírayà ti gbóná janjan. Kò ké, kò sì pa ara rẹ̀. Mo sáré pa á, mo fi aṣọ tútù lé wọn létí, mo wá yí dírayà náà padà. Wáyà pupa tó wọ inú àpótí ti di méjì. Kò já. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé e, mo sì mọ ibi tí àlùmọ́gàjí mi bá gé.

Mo pe Kílódé. Ó jáde tòun ti ìpara lójú.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa gba oníbàárà láàárọ̀ yìí."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Ó wolẹ̀. "Bí wọn ò bá mú mi, kò sẹ́ni tó máa lè sọ nǹkan kan mọ́. Tísà á lè padà wá. Àǹtí, ẹ kì í kọrin mọ́ bí ẹ bá ń fọ irun. Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò ní fi mí ra ọkọ. Èmi náà ò ní fi ọkọ yín ra àgọ́."

Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá kí n nà án ni tàbí kí n gbá a mọ́ra. Mo gbá a mọ́ra.

"Tísà wo lẹ̀ ń sọ?" ìyá àgbàlagbà náà béèrè, aṣọ tútù ṣì wà létí wọn.

"Tísà àgọ́ kọ̀ǹpútà, mà," Kílódé ní.

"Olórí kodoro?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ mi ni."

Wọ́n kọjú sí mi. "Mo wá wo obìnrin tó lé ọmọ mi jáde ni. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí ọ láti ilé, kò sì dára. Kó tó sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ọ ló ti lọ bá ọ̀gá wọn pé òun ń wo ẹ̀gbọ́n ọmọ kan, kí wọ́n yọ òun kúrò lára àwọn tó ń yan ọmọ. Àlejò ni wọ́n pè wá yan ọmọ lọ́dún yìí. Wọn ò ní rí ọmọ, wọn ò ní gbọ́ orúkọ, iṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa wò. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní kí ọmọ mi máa ṣọ́. Mo ní obìnrin yìí gba iyì lára rẹ̀ tán, ó tún lé e."

"Màmá, kò sọ fún mi."

"Ó ní o ní kí òun dákẹ́."

Ojú tì mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá náà kọjú sí Kílódé. "Ìwọ, so wáyà yẹn padà."

"Etí yín ńkọ́, mà?"

"Méjì ni mo ní. So ó."

Ó so ó. A tan dírayà, ó gbóná, ó ké, ó pa ara rẹ̀. Mo bá rántí pé irun Màmá ò tíì gbẹ.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbé dírayà lọ kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀ níbí ni?" wọ́n ní. "Mò ń bá yín lọ."

A jáde tòun ti rólà lórí wọn. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń wò wá. Láti mú ọkàn wọn kúrò lára etí tó ń ta wọ́n, mo sọ bí èmi àti ọmọ wọn ṣe kọ́kọ́ pàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi dé.

Tísà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo dírayà lórí mi, ó wo rólà lórí ìyá rẹ̀, ó wo etí tó pọ́n.

"Má wulẹ̀ sọ ọ́," ìyá rẹ̀ ní. "Mo mọ̀ pé ibí kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe irun."

Ó gba dírayà lórí mi. Ó sún mọ́ mi. "Ṣé kí n ṣì máa dákẹ́?"

"Ó tó," mo ní. "O ti dákẹ́ tó."

Nọ́ńbà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, inú yàrá mìíràn ni wọ́n kó àwọn ọmọ sí. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà àwọn tí wọ́n mú, ti Kílódé wà níbẹ̀. Ti ọmọkùnrin obìnrin tó fi wá ṣàwàdà yẹn náà wà níbẹ̀. Obìnrin náà wá kí mi kú oríire, mo kí òun náà. Kò bẹ̀bẹ̀, mi ò sì retí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wá ṣe irun.

Ẹ̀yìn tí àgọ́ parí la ṣègbéyàwó, nítorí Kílódé ní òun ò ní pa ọjọ́ kan jẹ níbẹ̀, ì báà ṣe ìgbéyàwó ta ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi wá ṣe irun. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ní kí Kílódé kọ́kọ́ fi wáyà yẹn han àwọn.

Ó fi hàn wọ́n. Wáyà pupa yẹn náà ni, tòun ti oríkèé níbi tó ti so ó.

"Kí ló dé tí o ò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀?" mo bi í.

Ó gbójú sókè wò mí. "Èyí tí a so padà ń ṣiṣẹ́, Àǹtí," ó ní. Màmá sì jókòó sábẹ́ dírayà.