Abọ́ Mọ́mì Lójú Fèrèsé

"Ta ló ní kó o gé kábéèjì yẹn?"

Àǹtí Attracta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa pẹ̀lú àpò sọ́séèjì dídì lọ́wọ́. Mi ò gbójú sókè. Mo ń gé kábéèjì mi lọ.

"Èmi ni mo ní kí n gé e."

"Muireann, bàbá rẹ ti sọ̀rọ̀. Kò sí kólíkánọ̀n nínú ilé yìí lọ́dún yìí. Kò sí òrùka, kò sí abọ́ lójú fèrèsé. Àbí etí rẹ di ni?"

"Etí mi ò di, Àǹtí. Mo gbọ́. Mi ò kàn gbà ni."

Ó mi orí sí mi. "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà..."

"Mi ò láṣọ kankan, Àǹtí. Ọ̀dùnkún ni mo ní."

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́ ni. Ní àdúgbò wa, láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé etí òkun, kò sílé tí wọn kì í ti í gún ọ̀dùnkún pọ̀ mọ́ kábéèjì, èyí tí à ń pè ní kólíkánọ̀n, ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Wọ́n á fi òrùka kan pamọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó bá sì bá a nínú abọ́ rẹ̀ ni yóò ṣègbéyàwó kí ọdún tó yí po. Wọ́n á bu abọ́ kan sọ́tọ̀ sójú fèrèsé fún òkú ilé pẹ̀lú, torí alẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń wálé wá wò wá.

Oṣù kẹrin ni Mọ́mì kú. Láti ìgbà náà, bàbá mi kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó kó bàtà rẹ̀ sí àjà, ó yí fọ́tò rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó sì ń fún wàrà màlúù rẹ̀ láràárọ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Inú ń bí mi síbẹ̀.

Clodagh ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé náà. Nínú bọ́ọ̀sì iléèwé ló ti sọ pé, "Wá bá wa ní abà àwọn Gaughan lálẹ́ òní. Orin á wà, ọtí á wà. Ta ló ń jókòó sílé gún ọ̀dùnkún? Ṣé o ti di ìyá àgbà ni?" Kí n má purọ́, ó wù mí. Mo ti yọ aṣọ tí n ó wọ̀ jáde. Àmọ́ bí mo ṣe ń di irun àbúrò mi, Éabha, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ló yíjú sí mi.

"Muireann, tí Mọ́mì bá wálé lálẹ́ òní, kí ló máa jẹ?"

Mo dá aṣọ padà síbi tí mo ti mú un, mo sì lọ wa ọ̀dùnkún.

Tèèpo tèèpo ni mo sè é, bí Mọ́mì ṣe máa ń ṣe é, mo sì bó o nígbà tó ṣì ń jó mi lọ́wọ́. Mo gbé wàrà, mo fẹ́ dà á sí i, ni Àǹtí Attracta bá figbe ta.

"Wàrà tútù kẹ̀! Ṣé gọ́ọ̀mù lo fẹ́ fún wa jẹ ni? Gbé e kaná, kó o rẹ́ àlùbọ́sà eléwé sí i!" Ó ju sọ́séèjì rẹ̀ sórí tábìlì, ó bọ́ kóòtù. "Gbé ọmọ odó yẹn fún mi. Apá rẹ ò lágbára."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má sè é?"

"Mo ní ká má sè é. Mi ò ní ká sè é kó bàjẹ́."

Nígbà tó gún un tán, mo lọ mú òrùka ìgbéyàwó Mọ́mì nínú ife orí pẹpẹ. Òrùka tirẹ̀ gan-an ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ tó máa ń fi sínú oúnjẹ náà lọ́dọọdún. Mo fi bébà wé e, mo rò ó mọ́ ọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, Fintan bàbá rẹ á pa ọ́!"

"Kó pa mí lẹ́yìn oúnjẹ."

Mo bu abọ́ Mọ́mì, mo gbẹ́ ihò sáàárín rẹ̀, mo fi bọ́tà sínú ihò náà, mo sì gbé e sójú fèrèsé pẹ̀lú ṣíbí. Lẹ́yìn náà ni mo bu tiwa.

Bí bàbá mi ṣe wọlé, abọ́ yẹn lojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà.

"Gbé e kúrò níbẹ̀."

"Mi ò ní gbé e."

"Muireann!"

"Dádì, ẹ kó bàtà rẹ̀ pamọ́, mo dákẹ́. Ẹ yí fọ́tò rẹ̀ padà, mo dákẹ́. Ebi tẹ́ ẹ tún fẹ́ fi pa á yìí, mi ò gbà! Ilé rẹ̀ nìyí. Màmá wa ni."

Mi ò kúrò lójú kan. Éabha ló gbà wá.

"Dádì, ẹ jókòó. Ó ti ń tutù."

Ó jókòó. A jẹ ẹ́ láti etí abọ́ wá sáàárín, a ń ti ṣíbí bọ inú bọ́tà. Abọ́ tán, a ò rí òrùka. Mo ha ìkòkò. Kò sí.

"Òrùka wo lẹ fi sí i?" ni bàbá mi bèèrè.

"Ti Mọ́mì."

Ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Ohun kan ṣoṣo tó kù mí kù! Éabha, ṣé o gbé nǹkan mì?"

"Mi ò gbé nǹkan kan mì!" Éabha la ẹnu gbàgà kí gbogbo wa lè rí i, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an.

Àǹtí Attracta rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Muireann, ṣé kó o tó fi òrùka sí i lo bu ti òkú, àbí lẹ́yìn náà?"

"Lẹ́yìn náà ni."

"Yéè! Ti òkú la kọ́kọ́ ń bù! Òkú kì í ṣègbéyàwó!"

Gbogbo wa yíjú sí fèrèsé. Mo dìde kí n lọ tú abọ́ náà wò.

"Má fọwọ́ kàn án!" Bàbá mi ló pariwo. "A kì í fọwọ́ kan abọ́ òkú kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ẹni tó ní ká gbé e kúrò nìyẹn o. Ó tẹjú mọ́ abọ́ náà títí, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹni tó bá rí òrùka ló ń ṣègbéyàwó," ló wí. "Nuala ní òun ò tíì kọ̀ mí sílẹ̀."

Nuala lorúkọ Mọ́mì. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló yọ òrùka náà nínú bọ́tà tó ti dì. Ó fọ̀ ọ́, ó wá gun àkàbà lọ kó bàtà sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀fọ̀ kò ní kí ilé dákẹ́, òkú tí a sì fẹ́ràn, à ń dárúkọ rẹ̀ ni. Bí àgbà bá ṣìnà nínú ìbànújẹ́, kí ọmọ sọ fún un, kó sì dúró gba ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èmi sọ ọ́. N ó tún sè é lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó bá wù ú. Ti Mọ́mì ni n ó kọ́kọ́ bù.