Ẹni Tó Ń Bá Wa Gbálẹ̀

Ìjà ni Dorcas àti Akínkúnmi fi pàdé.

Dorcas ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn láàbù, ó sì bá àpótí aláwọ̀n mẹ́rin níbẹ̀. Ẹ̀ka igi gúáfà ló kún inú wọn. Ìsàlẹ̀ àpótí wá kún fún nǹkan wínníwínní kan tó dà bí irúgbìn ilá tó gbẹ. Dorcas kì í ṣe ẹni tí í fojú fo ìdọ̀tí. Ó ṣí àwọn àpótí náà, ó gbá gbogbo nǹkan wínníwínní náà mọ́ tónítóní, ó sì lọ dà á sí ààtàn.

Bó ṣe ń padà bọ̀ ló gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pariwo. Akínkúnmi ni, ọmọ Èkìtì tó ń bójú tó láàbù náà.

"Ta ló gbá ẹyin mi?"

"Ẹyin wo?" ni Dorcas fi dá a lóhùn. "Ṣé adìẹ lẹ ń sìn níbí ni?"

Ọkùnrin náà di orí mú. Ó ní ohun tó gbá dànù yẹn, ẹyin kòkòrò ni, oṣù márùn-ún gbáko lòun sì ti ń retí wọn. Ó ní àbí kò lójú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn bí Dorcas nínú gidigidi.

"Ọ̀gá, mo lójú. Ẹ ò kọ nǹkan kan sára àpótí, ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tó bá da ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ bí ìdọ̀tí, kó má bá ìgbálẹ̀ jà."

Ni Akínkúnmi bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ààtàn, wọ́n ń ṣa ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi kàn wọ́n lórí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n rí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, lórí ààtàn.

Lọ́jọ́ kejì, Akínkúnmi pè é kó wá wo àwọn tó ni ẹyin. Dorcas wo inú àpótí títí, igi nìkan ló ń rí. Akínkúnmi fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ni ọ̀kan nínú àwọn igi náà bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹ̀ka tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó lẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Ó lójú. Dorcas fà sẹ́yìn, àmọ́ kò sá.

Díẹ̀díẹ̀ ni ó mọ̀ wọ́n. Oríṣi wọn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ láyé. Àwọn kan rí bí igi, àwọn kan rí bí ewé, ìdílé kan náà ni wọ́n. Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ kó wọn pọ̀ mọ́ tata. Ìgbà tí wọ́n wò wọ́n dáadáa ni wọ́n tó rí i pé ìran wọn dá dúró, ni wọ́n bá fún wọn ní orúkọ tó túmọ̀ sí iwin. Bí ẹyẹ bá gbá ọ̀kan lẹ́sẹ̀ mú, á fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, á sá lọ. Bó bá ṣì kéré, tó ń bọ́ àwọ̀, ẹsẹ̀ míì á hù. Abo wọn tóbi ju akọ lọ, nínú oríṣi míì sì rèé, abo lè yé ẹyin tó máa pa láìrí akọ rárá. Nígbà tí Dorcas gbọ́ èyí, ó ní wọ́n gbọ́n.

Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun gan-an ló ń já ewé gúáfà fún wọn. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀kan náà ni kòkòrò yìí àti èyí tó máa ń ká ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Dorcas ní rárá, ìyẹn ń pa kòkòrò ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ, ewé nìkan ni tiwọn ń jẹ, wọn ò bára tan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kílínà ti di lẹ́kíṣọ́rà. Ọ̀rọ̀ Dorcas tọ̀nà, Akínkúnmi tó dúró níbẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò gbè é lẹ́yìn. Ojú fèrèsé ló ń wò. Ó dun Dorcas, àmọ́ ó gbé e mì.

Dorcas fẹ́ràn ọkùnrin náà ni. Kí ọdún tó yípo, Akínkúnmi ti ń pè é ní Adúmáradán mi, ó sì ti ṣèlérí pé bí ìyá òun bá ti Adó-Èkìtì dé, òun á mú un lọ kí wọn nílé òun ní Ìba, kí àwọn tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn Dorcas ní Okokomáíkò. Ìyá Dorcas, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ, kò fẹ́ gbọ́. Ó ní ẹni tó ń sin igi tó ń rìn, ó ní ohun míì tó ń sìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Dorcas fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Ìyá Akínkúnmi dé lọ́jọ́ Túsìdeè. Ní Wẹ́sìdeè, ìyá náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun fẹ́ rí ibi tí ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́. Dorcas àti Munirat, tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀, ń nu ilẹ̀ láàbù lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Inú Dorcas dùn. Ó fi àkísà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ ṣinṣin.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ta ni ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ yìí?"

Akínkúnmi wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ẹni tó ń bá wa gbálẹ̀ ni, Mọ́mì."

Wọ́n kọjá lọ. Munirat gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró, kò lè gbé e sílẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo gbọ́?"

Dorcas tún mú àkísà. Ó nu ilẹ̀ náà tán. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, òun ló ń gbálẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló sì ta á lára jù. Iṣẹ́ tí kò tì í lójú rí ni ọkùnrin yìí mú, tó fi bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni fi apẹ̀rẹ̀ bo adìẹ.

Nírọ̀lẹ́, Akínkúnmi sáré lé e bá ní ibùdókọ̀. Ó ń ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun, ó ní ìyá òun fẹ́ ẹni tó kàwé, òun ń wá àkókò tó dára ni.

"Kòkòrò tí mò ń fún lóúnjẹ, bó bá rí ẹyẹ, á di igi," ni Dorcas wí. "Mi ò bá a wí, ẹyẹ á pa á jẹ ni. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìyá rẹ fẹ́ jẹ lára rẹ?"

"Adúmáradán mi, jọ̀ọ́."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Pè mí ní orúkọ tó o pè mí lójú ìyá rẹ."

Ó wọkọ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé mìíràn, ó sì fi láàbù sílẹ̀ fún Munirat. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rí ìpè Akínkúnmi lórí fóònù tí kò gbé e. Lóru ó ń sunkún, lójúmọmọ ó ń bínú, ìbínú yẹn ló sì ń gbé e dìde lórí ẹní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Okokomáíkò. Bàbá náà ò tíì fọwọ́ tí Akínkúnmi àti ìyá rẹ̀ fi wọlé. Bàbá Dorcas mú sípánà dání, ó dìde.

Ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, àná ni ọmọ yìí tó jẹ́wọ́ fún mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó wù mí kó fẹ́ ẹni tó kàwé, ó ṣì ń wù mí. Ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò kọ́ ọmọ kankan pé kó sẹ́ ènìyàn lójú mi. Kò tiẹ̀ bi mí bóyá màá gbà. Ó ti bá mi kọ ọmọ yín. Èyí tó fi mí ṣe yẹn, mi ò tíì gbé ìbínú rẹ̀ jù sílẹ̀."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Akínkúnmi ti na gbalaja sínú ọ́ọ̀lì dúdú tó wà nílẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Àsánì, ẹni tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní, "Oníkòkòrò, fàyà kan ilẹ̀ dáadáa, ọ́ọ̀lì kì í pààyàn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Dorcas kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ jókòó, ẹ̀yin kọ́ la ń bá jà. Ìwọ, wà níbẹ̀ ná. Kí lo ní í sọ?"

"Bàbá, Dorcas mọ iṣẹ́ láàbù yẹn ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Òun ni mo fẹ́ fi ṣaya. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì sẹ́ ẹ. Ojo ni mí lọ́jọ́ náà. Lójú gbogbo yín, mo ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Dorcas yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Bó o bá ní kó máa lọ, á lọ."

Dorcas wo ọkùnrin náà nílẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò lọ síbì kankan, ìbínú náà kò sì lọ.

"Dìde," ló wí. "Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ti bàjẹ́. Sátidé tó ń bọ̀, kó àwọn ẹbí rẹ wá, kí wọ́n wá jókòó sí pálọ̀ bàbá mi, kí wọ́n tọrọ mi lójú gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí jì ọ́ tán o. Màá di ìbínú yìí mọ́ ẹrù mi, màá gbé e wọlé ọkọ."

Ìyá Akínkúnmi na ọwọ́, ó di ọwọ́ Dorcas mú.

"Máa gbé e bọ̀, ìyàwó mi. Tèmi náà ti wà nílé dè é."