Ìgò Wáìnì Tí Wọ́n Ti Ṣí

Nígbà tí Bùọ̀dá Wọlé la ìgò wáìnì mọ́ àbúrò rẹ̀ lórí, Jọmílójú nìkan ló mọ̀ nínú ilé pé kò sí wáìnì kankan nínú ìgò náà.

Ìyá rẹ̀ kúkú kọ́ ọ. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, lọ́dún 1991, nílé wọn ní àdúgbò Basin, kí ìyá tó lọ sí ọjà Ipata, ó pè é.

"Jọmílójú, a kì í ṣí ìgò fún àlejò nínú kíṣìnnì. Gbé e wá pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kúnlẹ̀, fi hàn án, kí bàbá rẹ ṣí i lójú rẹ̀. Onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Má sì bù ú kún ife dẹ́nu. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ilé wọn ni Ayọ̀díjí, ọmọ Bùọ̀dá Wọlé, wà nígbà tí ibà pa á. Láti ìgbà náà ni Bùọ̀dá Wọlé ti ń sọ káàkiri pé Kọ́lápọ̀ àbúrò rẹ̀, bàbá Jọmílójú, ló fún ọmọ òun ní májèlé jẹ. Kò jẹ, kò mu nílé wọn mọ́. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti wá. Bó bá lè mu ife wáìnì kan lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ìjà parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ìyá ṣe jáde ni Adékẹ́mi, ọ̀rẹ́ Jọmílójú, dé. "Wáìnì lásán ló ń bà ẹ́ lẹ́rù? Ọmọdé ṣì ni ẹ́ o! Jẹ́ ká tọ́ ọ wò." Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún tọ́ ọ wò, ìgò gbẹ. Adékẹ́mi náà ló ní kí wọ́n rọ sóbò inú kíṣìnnì sí i, torí pé òun náà pupa. Sóbò ọ̀hún ti kan.

Kí àlejò tó dé, Adékẹ́mi ti lọ sílé. Nígbà tí àlejò jókòó tán, Jọmílójú gbé ìgò àti ife méjì wá lórí tíréè. Ó kúnlẹ̀.

"Ta ló ti ṣí i?" Bùọ̀dá Wọlé béèrè.

"Èmi ni, sà. Mo... mo fẹ́ kó yá."

Bàbá rẹ̀ fi ojú bá a wí, ó sì bu ọtí sínú ife méjèèjì. "Ẹ má bínú, Bùọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ n mu tèmi ṣáájú." Ó gbé e sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó wúkọ́, ó tu ú dànù.

"Ìwọ tó o pò ó gan-an ò lè gbé e mì!" Bùọ̀dá Wọlé fò dìde. "Bó o ṣe pa Díjí nìyí!"

Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu. Eyín kan fò bọ́ sílẹ̀. Kọ́lápọ̀ náà di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, wọ́n jọ wó lu tábìlì, ẹsẹ̀ tábìlì kán. Jọmílójú ṣì kúnlẹ̀ pẹ̀lú tíréè. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ẹgba ló ń bà á lẹ́rù. Ẹgba, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ń kán sílẹ̀!

Bùọ̀dá Wọlé na ọwọ́ fa ìgò yọ lórí tíréè. Gbàà! Ìgò fọ́ mọ́ Kọ́lápọ̀ lórí. Kò dúró níbẹ̀, ó fi ọrùn ìgò tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ gún un lójú òsì. Igbe tí bàbá rẹ̀ ké, Jọmílójú ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Áfáà Yísà, aládùúgbò wọn, sáré wọlé. "Sùbúhánàllàhí! Wọlé, ọmọ ìyá ẹ lo fẹ́ pa?" Ó gbá a mú látẹ̀yìn.

"Májèlé ló bù fún mi, Áfáà!"

Ìgbà náà ni Jọmílójú gbé ife kejì tó ṣì wà lórí tíréè, ó mu ún tán lójú wọn. "Sóbò ni," ó ń sunkún. "Èmi àti Adékẹ́mi la mu wáìnì. Sóbò tó ti kan ni."

Ọrùn ìgò bọ́ lọ́wọ́ Bùọ̀dá Wọlé. "O wà níbẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "O kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí ló dé tó ò sọ ọ́ kí n tó mú ìgò?"

Àwọn dókítà ò rí ojú náà gbà là. Kò sẹ́ni tó na Jọmílójú. Ẹgba tó torí rẹ̀ pa ẹnu mọ́ kò wá rárá. Òkò tí a bá fi ìbínú sọ kì í pa ẹyẹ: Bùọ̀dá Wọlé ń jẹ, ó ń mu nílé wọn báyìí, ṣùgbọ́n kò lè wo àbúrò rẹ̀ lójú.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ò ń ka ìtàn yìí, bó o bá ti ṣẹ̀, tètè sọ ọ́. Wáìnì tí Jọmílójú jí mu kò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnu tó pa mọ́ ló fọ́ ojú bàbá rẹ̀.