Àpò Òkúta Tí Tẹ́ní Kò Gbé Délé

Tẹ́ní Oyèwùmí fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, nínú ọkọ̀, ní ọ̀nà Decatur sí Clarkston, ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò kò jẹ́ kí ọkọ̀ sáré. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì sọ ara rẹ̀ di ẹni rere ju bí ó ti rí lọ. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìsinmi wọn parí, Tẹ́ní lajú, ó rí ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó rò pé àdúrà ni Mummy ń gbà. Ó fẹ́ padà sùn, àfi bí ó ṣe gbọ́ ohun kan tí ń dún bí ìgbà tí àwo ń kan àwo. Ó gbé orí sókè. Òkúta ni Mummy tò sórí ibùsùn, òkúta kéékèèké tí ó pupa bí osùn, ó sì ń fi ìbọ̀sẹ̀ Akín wé wọn ní méjì méjì.

Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni wọ́n wà, ní ìlú tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà Petra, ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ sára àpáta ní aṣálẹ̀ Jọ́dánì. Láti Atlanta ni wọ́n ti wá: Mummy, Daddy, Tẹ́ní tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àti Akín àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ti lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n máa lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ yà sí odò Jọ́dánì, kí Daddy lè ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi. Láti ọdún mẹ́ta ni Daddy ti ń sọ̀rọ̀ odò yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ.

Ní ìjọ wọn ní Decatur, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, ẹnikẹ́ni kì í lọ sí ilẹ̀ Bíbélì kí ó padà wá lọ́wọ́ òfo. Àwọn kan ti bu yẹ̀pẹ̀ wá rí, àwọn kan gbé omi. Nígbà tí Aunty Rẹ̀mílẹ́kún, olórí àwọn ìyá aládùúrà, gbọ́ pé wọ́n máa dé ìlú tí a gbẹ́ sára àpáta, ó ní òkúta ni àwọn fẹ́. Ó kọ orúkọ ìyá mẹ́tàlélógún sínú ìwé fún Mummy, òkúta kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n á rì sínú òróró, tí wọ́n á sì máa fi gbàdúrà. Ọ̀kan ń wá ọmọ. Ọ̀kan ń retí ìwé ìgbélùú láti ọdún mọ́kànlá. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ eré nínú wọn.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó wà lórí ibùsùn kì í ṣe òkúta. Àfọ́kù ìkòkò ni, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, ẹnì kan sì ya ewé pupa sí inú rẹ̀. Ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí ẹni tí ó ya ewé náà ti kú.

Tẹ́ní bèèrè ẹni tó ni ìyẹn.

Mummy ní, "Tèmi ni."

Tẹ́ní kò bèèrè mọ́, nítorí ó mọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Mummy ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń gbé wọn dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò yege. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tẹ́ní ni ó máa ń jókòó tì í nílé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́, tí ó máa ń ka ìbéèrè fún un látinú káàdì. Ó ti rí ìyá rẹ̀ tí ó gbàgbé orúkọ oògùn tí ó ti kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó wá fi orí lé tábìlì.

Mummy kó gbogbo ẹrù náà sínú àpò aṣọ kan, ó ní kí Tẹ́ní kó o sínú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, sí abẹ́ aṣọ tí ó fi ń sá eré.

"Ìwọ lo ní páásìpọ̀tù búlúù. Wọn ò ní tú báàgì ọmọ Amẹ́ríkà. Tèmi aláwọ̀ ewéko yìí, kò síbi tí wọn kì í ti tú mi dé ìsàlẹ̀ àpótí."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ní pápákọ̀ òfuurufú, ojú Tẹ́ní ni wọ́n ṣe kó aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ìyá rẹ̀ sórí tábìlì lójú àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan báàgì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Ó gba àpò náà, ó tì í bọ báàgì, ó fa sípù rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun.

Ó bá Daddy àti Akín nídìí oúnjẹ pẹ̀lú Uncle Ilyas, ọkùnrin tí ó ń wa ọkọ̀ fún wọn tí ó sì ń mú wọn rìn yíká. Uncle Ilyas ń fi Akín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń bi í bóyá ìbọ̀sẹ̀ ti tán ní Amẹ́ríkà.

Akín ní, "Mummy ló kó o. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tẹ́ní gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní ni Uncle Ilyas ti sọ fún wọn pé ohunkóhun kò gbọ̀dọ̀ kúrò ní ìlú àtijọ́ náà, ì báà kéré bí èékánná. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á síṣẹ́ ti sọ pé tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ àlejò rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, báàjì tí ó fi kọ́ ọrùn bọ́ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ń da ewúrẹ́ ẹlòmíràn báyìí, pẹ̀lú èdè márùn-ún lẹ́nu. Láàárọ̀ náà, ó ń ṣàlàyé fún Daddy bí ọ̀nà ṣe máa rí. Ó ní àwọn ọlọ́pàá á dá wọn dúró níbì kan, wọ́n á bi òun, òun á sì dá wọn lóhùn.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ fún wọn pé àlejò mi kò mú nǹkan kan," ó ní. "Mi ò tíì parọ́ rí."

Ó fi apá aṣọ nu báàjì rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń nù ún.

Tẹ́ní dìde, oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn padà sí yàrá. Mummy wà nínú aṣọ ìwọ̀sùn, fìlà sátínì ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń pa àpótí dé. Tẹ́ní mú àpò náà jáde nínú báàgì, ó kúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ má bínú. Mi ò ní gbé e."

Mummy kò kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Please, Tẹ́ní, má bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ń dúró."

"Uncle Ilyas á fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún wa. Irọ́ ni yóò jẹ́, kò sì ní mọ̀."

"Ta ló máa rí i? Ìwọ ni wọ́n máa tú?"

"Wọn ò ní tú mi. Ìdí tí mi ò fi ní gbé e nìyẹn."

Nígbà náà ni Mummy yíjú sí i. Ó bi í bóyá olè ni òun lójú rẹ̀. Tẹ́ní ní òun kò pe ẹnikẹ́ni lólè, òun kàn ní òun kò ní gbé e ni. Mummy ní ṣé kò fẹ́ kí òun yege ni, ṣé bí òun á ṣe máa gbé arúgbó títí òun náà á fi di arúgbó ni ó fẹ́. Omi bọ́ lójú Tẹ́ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

"Mo fẹ́ kí ẹ yege ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ti ka káàdì yẹn tán, èmi àti ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ ká tún kà á nínú ọkọ̀ òfuurufú, mi ò ní sùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé èyí."

Ó dìde pẹ̀lú àpò náà lọ́wọ́.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ dá a padà."

"Tẹ́ní. Tí o bá fi lè jáde ní yàrá yìí."

Tẹ́ní jáde. Mummy kò lè sáré tẹ̀ lé e nínú aṣọ ìwọ̀sùn, kò sì lè pariwo kí àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì má baà gbọ́.

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni sí ẹnu ọ̀nà ìlú àtijọ́ náà. Tẹ́ní rò pé òun á gbé àpò náà fún wọn, òun á sì padà kíá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó wà ní ọ́fíìsì da ẹrù náà sórí tábìlì, ó ń tú ìbọ̀sẹ̀ Akín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo Tẹ́ní lókè ìgò ojú rẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà bèèrè ẹni tí ó kó wọn.

Tẹ́ní ní, "Àwa ni. A ti mú wọn padà."

Ọ̀gá bèèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó bèèrè orúkọ ẹni tí ó mú òun àti ẹbí rẹ̀ wọ ìlú náà. Tẹ́ní mirí pé rárá. Ó tún un bèèrè, ó ní òun lè fi í jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ òfuurufú wọn á fi gbéra.

Ìbẹ̀rù mú Tẹ́ní. Síbẹ̀, ó ní, "Orúkọ mi lẹ ti gbà. Ẹni yẹn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí náà mi ò ní fún yín ní orúkọ rẹ̀."

Wọ́n fi í jókòó fún wákàtí méjì. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Uncle Ilyas fúnra rẹ̀ ni ó wá a wá síbẹ̀ níkẹyìn. Ó rí àfọ́kù ìkòkò lórí tábìlì, ó wo ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kékeré, kò sì sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún un. Òun àti ọ̀gá sọ èdè Lárúbáwá fún ìgbà pípẹ́. Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá ní nítorí pé ọmọ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un wá, òun kò ní kọ nǹkan kan sí ọrùn Ilyas. Ṣùgbọ́n Tẹ́ní buwọ́ lu ìwé kan pé òun kò ní wọ ìlú náà mọ́ láyé òun.

Nínú ọkọ̀, Uncle Ilyas kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Mummy jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti mọ ẹni tí ó kó o. Uncle Ilyas kan sọ fún Daddy pé àkókò ti lọ, àwọn kò lè yà sí odò mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà odò ti yà, Daddy kọjú sí fèrèsé kejì. Tẹ́ní rí i. Ìyẹn ni ó dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ó ṣì ń dun òun. Títí wọ́n fi dé Atlanta, Mummy kò bá a sọ̀rọ̀. Káàdì wà nínú báàgì, ẹnikẹ́ni kò mú un jáde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá aládùúrà péjọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti da òróró sínú abọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òkúta kò sí, àwọn kan mí kanlẹ̀, obìnrin tí ń wá ọmọ sì bojú. Aunty Rẹ̀mílẹ́kún ní kí wọ́n pe Tẹ́ní wá. Ó ní ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà ni kò mọ ohun tí ojú àwọn ti rí, ó ní kí ó bẹ gbogbo àwọn ìyá náà níkọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ní kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo bẹ̀ yín pé ọwọ́ òfo la fi dé, mo sì mọ̀ pé ó dùn yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀bẹ̀ torí pé mo dá ohun olóhun padà. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún dá a padà."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní àbí ẹ ò rí nǹkan. Aunty Rẹ̀mílẹ́kún bi Mummy bóyá ó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ sí àgbà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi etí sílẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi ni kí ọmọ sọ pé rárá nígbà tí wọ́n bá ní kí ó ṣe ohun tí yóò ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́. Ó lè ná an ní ohun tí ó fẹ́ràn, ó sì lè ná àwọn tí ó fẹ́ràn pẹ̀lú. Kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì dúró lórí òtítọ́.

Mummy ti tẹrí ba láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó gbé orí sókè. Ó dìde, ó sì mú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

"Aunty," ó ní, "ọmọ mi kò ṣẹ̀ yín. Èmi ni mo kó o. Èmi ni mo sì fẹ́ gbé e sí ọmọ lẹ́yìn, torí pé wọn ò ní tú u."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó di ọwọ́ Tẹ́ní mú, ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn sí ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ látinú yàrá. Mummy ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn.