Agùntáṣọọ́lò ní Etí Òkun

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Grace bi Ayọ̀dèjì.

Inú àpótí iná mànàmáná tí ń gbé èèyàn ròkè ni wọ́n wà, nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Màrínà, l'Ékòó. Ilẹ̀kùn ti pa dé, àpótí náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni. Ọmọkùnrin náà rọ̀ mọ́ ògiri, síbẹ̀ ó fẹjú, ó ní ẹ̀rù kẹ̀, ó ní irú rẹ̀ wà níbi tí bàbá òun ti ń ṣiṣẹ́ kọngílá. Irọ́ gbáà ni. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ní Ẹdẹ, àkàbà tí ó fi ń gun òrùlé olórùlé sì nìkan ni ohun tí ń gbé èèyàn ròkè nílé wọn.

Bí akọni yìí ṣe dé Èkó kò le sọ. Ní ìparí ọdún tó ṣáájú òmìnira, ó yege ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Kò sí ọmọ ilé Jagun kan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Inú bàbá rẹ̀ dùn, ó ní kí ó lọ lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Yábàá, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń kà nínú ìwé. Bí ó bá dé, ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, gbogbo ilé Jagun yóò bá a jó lọ síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi láti dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ ti ń ròyìn ọjọ́ náà fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í, láti ọjà dé Sékọ́nà. Ọjọ́ pẹ́ tí ó ti ń bá àwọn ìyàwó ilé jó nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Èyí ni yóò jẹ́ tirẹ̀, kò sì ní òmíràn tó ń retí láyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rán an. Ó ní kí ó má ṣàì lọ kí Abọ́sẹ̀dé ní Ẹbúté-Mẹ́ta.

Abọ́sẹ̀dé ni ìyàwó Ọláníyan, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní reluwé. Ayọ̀dèjì ti dáyé kí wọ́n tó gbé obìnrin yìí wọ ilé Jagun, ọmọ tí ìyàwó bá sì bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe pé ikun ṣì ń ṣàn nímú ọmọ náà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ tó wù ú fún un, yóò sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Abọ́sẹ̀dé wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó gùn gbọọrọ, ó sì sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò. Àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì di ohun tí gbogbo ilé ń pè é. Nígbà tí èéyi mú un, tí kò lè jẹ tí kò lè mu, ẹ̀yìn Abọ́sẹ̀dé ló wà títí ara rẹ̀ fi tutù.

Ṣé Ayọ̀dèjì wá lọ sí Ẹbúté-Mẹ́ta? Ta ló ráàyè? Olúfẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àti Grace, ọmọ aládùúgbò wọn ní Yábàá, ní ibi tí wọ́n ń mú un lọ lójoojúmọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ rin orí Afárá Kátà, wọ́n wo ọkọ̀ òkun tó ga ju ilé lọ. Wọ́n wo sinimá, wọ́n wo àwọn eléré ọdún kàrétà nínú aṣọ aláràbarà lórí ẹṣin, wọ́n lọ sí pápá tí ẹṣin ti ń sáré. Wọ́n ra áásìkirímù fún un, eyín rẹ̀ kú tì, ó sì rò pé òun ti di ẹni ńlá nìyẹn. Gbogbo ohun tó bá rí l'Ékòó ni ó sọ di òkúta tó fi ń sọ Ẹdẹ lókò. Ó rí ọ̀sà, ó ní itọ́ lásán ni Odò Ọ̀ṣun. Ó rí títì ọlọ́dà, ó ní àwọn ará ilé òun kì í ṣe èèyàn, eruku ni wọ́n. Ó ní reluwé tí ń dúró ní Ẹdẹ, àánú ló ń ṣe é. Ọmọ tó jẹ́ pé èlùbọ́ Ẹdẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un ni wọ́n ń rò fún un jẹ lálaalẹ́ ní Yábàá ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó tún sọ fún Grace pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé àwọn. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò tó fi ń pọ̀ sí i. Ní ti Abọ́sẹ̀dé, ó ti gbọ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó sì pinnu pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n lọ sí etí òkun. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́, tọmọdé tàgbà, irú wá ògìrì wá. Ṣòkòtò Olúfẹ́mi ni Ayọ̀dèjì wọ̀, ó fún un tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jókòó. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó fi awò dúdú bojú, tó ń rìn bí ẹni tó ra òkun?

Ó ń ṣàlàyé ìgbì òkun fún Grace lọ́wọ́, òun tí kò rí òkun rí kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé, nígbà tí obìnrin kan sọ atẹ gúgúrú àti ẹ̀pà kalẹ̀ níwájú wọn. Obìnrin náà pọn ọmọ, kò wọ bàtà, aṣọ rẹ̀ sì ti ṣá. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú iyanrìn gbígbóná, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ni.

"Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi," ó wí. "Ìyàndá ọmọ Jagun, ọmọ a-rógun-má-yẹ̀. Ìgbà wo lẹ dé Èkó tí a ò gbọ́? Bàbá wa ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Àwọn èèyàn yíjú wò wọ́n. Ayọ̀dèjì dá a mọ̀. Kí ó tilẹ̀ tó kúnlẹ̀ ló ti dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i tí Grace ń wo atẹ gúgúrú, tí ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, tí ó sì wá wo òun. Ó rántí kọngílá, ó rántí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó yẹ kí ó sọ kò ju "Ìyàwó wa, ẹ kú ọdún" lọ, kò sì ní ná an ní nǹkan kan.

"Ẹ ṣì mí mú, ìyá," ó wí. "N kò mọ̀ yín rí."

"Ṣebí ó dárúkọ Jagun," Grace wí. "Ṣé kì í ṣe ilé yín nìyẹn?"

Ọlọgbọ́n ì bá ti dákẹ́ níbẹ̀. Ayọ̀dèjì rẹ́rìn-ín. "Má dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó múra dáadáa, wọn a máa kì í kó lè fún wọn ní nǹkan." Ó ki ọwọ́ bàpò, ó sì ju kọ́bọ̀ kan sínú atẹ.

Ẹ̀rín kú lójú Abọ́sẹ̀dé. Ó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí aláwàdà sọ pé àwàdà ni òun ń ṣe. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní eékún rẹ̀. Ó ká bébà, ó wọn gúgúrú kọ́bọ̀ kan sínú rẹ̀, ó bu ẹ̀pà lé e, ó sì nà án sí i.

"Gúgúrú yín rèé, ọ̀gá. Ẹ má bínú, ojú ló tàn mí."

Ó gbé atẹ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ayọ̀dèjì kò lójútì, ó jẹ gúgúrú náà tán. Grace kì í ṣe òmùgọ̀ ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá a sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Ìgbà tí ọdún tuntun ti wọlé ni Ayọ̀dèjì tó wọ reluwé padà sí Ẹdẹ. Ó ra búrẹ́dì Èkó lọ́pọ̀, ó sì to ìròyìn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sínú orí. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá wọlé, nítorí bí ọmọ ilé Jagun bá ti àjò dé, àwọn ìyàwó ilé ni yóò kọ́kọ́ jáde, tí wọn yóò máa kì í, tí wọn yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn lé àwọn lójú ọ̀nà. Ṣebí wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Eléyìí rò pé tòun já sórí iyanrìn, kò lè fọ́.

Àwáwù ló kọ́kọ́ jáde, ìyàwó tó kéré jù nínú agbo ilé, ọlọ́yàyà tí í máa jó kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò kúnlẹ̀.

"Ayọ̀dèjì, o káàbọ̀," ó wí.

Ìyá Ayọ̀dèjì tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ dúró gbagidi. Ó rò pé Àwáwù ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Ìyàwó kejì jáde, òun náà ní, "Ayọ̀dèjì, o káàbọ̀." Ẹ̀kẹta sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ariwo. Ọ̀nà tí èèyàn í gbà kí ọmọ àjèjì tó wá béèrè ọ̀nà ni wọ́n fi kí i. Lẹ́yìn wọn ni Abọ́sẹ̀dé jáde, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá ṣọdún, wọ́n sì ti dé ṣáájú Ayọ̀dèjì. Ohun tó bá ojú bá imú, ẹni tó bá sì fi kọ́bọ̀ lé ìyàwó kan lọ, gbogbo wọn ló lé.

Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe. Ó yíjú sí ẹrù rẹ̀, ó ń tú búrẹ́dì. Abọ́sẹ̀dé, tó ti sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ rẹ̀, kò rojọ́ fún àgbà, àfi ìgbà tí bàbá pa á láṣẹ pé kí ó sọ. Bí bàbá ṣe gbọ́ ọ tán, kò na Ayọ̀dèjì, kò sì bú u. Ó ní òun rò pé olùkọ́ ni òun bí, òun kò mọ̀ pé òpè ni.

Ayọ̀dèjì tún rò pé búrẹ́dì lè tún un ṣe. Ó mú èyí tó tóbi jù, ó gbé e lọ bá Abọ́sẹ̀dé ní ìdí ààrò, ó ní kí ìyàwó òun má bínú, ọmọdé ló ń ṣe òun.

"Fi búrẹ́dì rẹ pa mọ́," Abọ́sẹ̀dé dá a lóhùn. "Orúkọ tí mo sọ ọ́, mo ti gbà á padà. Èyí tí bàbá rẹ sọ ọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, máa lò ó."

Ìyá rẹ̀ ló bẹ àwọn ìyàwó títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ní àwọn yóò bá a jó, nítorí ẹ̀gbọ́n àwọn ni, kò sì ṣẹ àwọn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn jẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹnu àwọn sílẹ̀ fún àwọn.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Ìdílé tó ṣáájú wọn jáde, àwọn ìyàwó wọn ń ki ọmọ tí wọ́n ń dúpẹ́ fún, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pe ilé Jagun, Ayọ̀dèjì bọ́ síwájú nínú kóòtù tuntun, àwọn ìyàwó sì tẹ̀ lé e. Wọ́n jó dáadáa. Ẹnu wọn pa dé. Ìró bàtà wọn lórí símẹ́ńtì ni gbogbo ìjọ ń gbọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn, nítorí kò sí ará Ẹdẹ tí kò mọ ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú láti kì í fúnra rẹ̀, ó ní, "Ìyàndá." Kò lè parí rẹ̀. Ọjọ́ tó ti ń retí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ni ó fi omijé jó kọjá, ojú Ayọ̀dèjì sì là wàyí. Ó wo ìyá rẹ̀, ìtìjú mú un, ó rí i pé kò sí ẹni tó ṣe èyí fún obìnrin náà bí kò ṣe òun.

Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé ń padà sí Èkó, Ayọ̀dèjì gba àpò èlùbọ́ rẹ̀, ó gbé e rù. Ó gbé e la àárín ọjà kọjá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, kò sì sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀. Ní ìdíkọ̀ reluwé, lójú gbogbo èrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ó ní òun ṣẹ̀, kí ó dárí ji òun. Abọ́sẹ̀dé gbé e dìde, ó gbọn eruku kúrò láyà rẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́," ó wí. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé náà yẹ ọ́. Ó dàbọ̀, Ayọ̀dèjì."

Ọkọ̀ gbéra. Ayọ̀dèjì dúró síbẹ̀, ó ń retí pé kí ó yọrí lójú fèrèsé, kí ó fi orúkọ tó ti gbà padà pe òun. Kò pè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Èkó dùn ún wò, ẹ lọ wò ó. Ẹ gun àpótí tó ń ròkè, ẹ jẹ áásìkirímù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí yín níta, ẹ dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ gúgúrú ló ń tà. Orúkọ tí àwọn ará ilé fi ìfẹ́ sọ èèyàn, ọwọ́ wọn ló wà, wọ́n sì lè gbà á. Bí wọ́n bá ti gbà á, kò sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Màrínà tí wọ́n ti ń tà á.