Ta Ló Ni Bọ̀ọ̀dá?

Ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Tíṣà nìyẹn. Láràárọ̀, bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, á gbé etí lé e, á máa gbọ́ bó ṣe ń hùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí inú ẹ̀ ò dùn sí i. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ohùn ọkùnrin kan á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á kí i, á dárúkọ ẹni tó ṣe é, á ní òun ti ṣe tán.

Tíṣà kò ríran. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran ló ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohùn inú kọ̀ǹpútà yìí ló ń ka ìwé fún òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú un sọ̀rọ̀ ti darúgbó. Ilé iṣẹ́ tó ń tà á ti kógbá sílé, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe mọ́, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun ò tiẹ̀ gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá mọ àmì ohùn kà, àwọn ètò tuntun tí Tíṣà ti lò kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Atẹ̀wé pè é lórí fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, ọ́fíìsì kan ló ti ń tẹ lẹ́tà. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà, wọ́n fẹ́ lé mi o! Kọ̀ǹpútà tí Bọ̀ọ̀dá wà nínú ẹ̀ ti kú, wọ́n ti gbé e sọnù. Èyí tí wọ́n fún mi báyìí, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, bákan náà ló ń pè é."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀gá wa obìnrin ní kí n kọ ọ́ pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kí ẹ̀rọ kà á, mo rò pé ó pé. Àṣé mi ò fi àmì sí i! Gbogbo ọ́fíìsì ló ti rí i kà pé ọkọ ọ̀gá ti bàjẹ́, kí wọ́n tètè wá mẹkáníìkì."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Tíṣà, ó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín.

"Wọ́n ní tí n bá tún ṣe irú ẹ̀, kí n máa lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀dà Bọ̀ọ̀dá."

Oníwáyà, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, ń gbọn eruku inú ẹ̀rọ Tíṣà lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́.

"Ṣé ìyẹn nìkan ni? Màá gbé Bọ̀ọ̀dá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ máa mú un. Ọ̀fẹ́ ni, a ò kúkú tà á. Ilé iṣẹ́ ti kú, ta ló fẹ́ mú wa?"

"Gbé e," ni Tíṣà wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ ní sùúrù." Àbúrò ìyàwó Tíṣà ló sọ̀rọ̀ látinú pálọ̀. Lọ́yà ni, ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kọ̀wé àti àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. "Ta ló ni Bọ̀ọ̀dá?"

"Kò lólóhun mọ́," Oníwáyà dáhùn.

"Tí onílé bá kú, tí ilẹ̀kùn wà ní títì, ṣé ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló nilé?"

"Rárá o. Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ náà lo sọ ọ́ yẹn. Pé wọn ò tà á mọ́ kò sọ pé ẹ̀tọ́ olóhun ti tán. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ yẹn máa ń pẹ́ ju ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ láyé. Pé ọ̀fẹ́ lo fi ń pín in kò sì yọ ọ́ nínú ẹ̀bi."

Inú bí Tíṣà. Ó fọwọ́ gbá tábìlì.

"Kí ọmọ ọlọ́mọ wá pàdánù iṣẹ́ nítorí ilé iṣẹ́ tó ti wọlẹ̀? Nígbà tí wọ́n pa wá tì, ta ló béèrè wa?"

Lọ́yà ò bá a jiyàn. "Ẹ ò jẹ̀bi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó dun èmi náà. Ẹ jẹ́ ká béèrè ná. Ṣebí Bọ̀ọ̀dá ń dárúkọ ẹni tó ṣe é fún yín láràárọ̀?"

Tíṣà gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Láti ọjọ́ tó ti ń gbọ́ orúkọ yẹn, kò wá sí i lọ́kàn rí pé èèyàn lè wá olórúkọ lọ.

Wọ́n wá a. Ọkùnrin náà ló lẹ̀tọ́, ilé iṣẹ́ kàn ń bá a tà á ni; ó ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Tíṣà sọ ọ̀rọ̀ Atẹ̀wé látòkè délẹ̀, Lọ́yà kọ ọ́, wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n wá ń dúró. Ní gbogbo àkókò náà, Atẹ̀wé ò tẹ lẹ́tà kan kí àyà ẹ̀ má já.

Nígbà tí èsì dé, Tíṣà nìkan ló wà nílé. Ó ní kí fóònù kà á. Fóònù sáré bẹ̀rẹ̀: "Ogun baba mi ni."

Tíṣà pa á lójú ẹsẹ̀. "Ogun kẹ̀? Mo gbé!" Ó ti rí ara rẹ̀ ní kóòtù, ó ti rí Atẹ̀wé nílé láìníṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Oníwáyà.

"Ẹ gbé e wá kí n kà á," Oníwáyà wí.

"Má kà á. Jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá kà á."

Oníwáyà gbé èsì náà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ hùn, ó tún hùn, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn sì jáde:

"Ogún bàbá mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi bàjẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, mi ò sì gbọ́ ohùn yẹn mọ́ látìgbà náà. Mo fún yín láṣẹ, ẹ fún gbogbo ẹni tí kò ríran tó bá fẹ́, ẹ kàn má tà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí."

Bàbá ló ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ sí wọn létí. Oníwáyà ń fa imú. Tíṣà gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ló wí. Kò pè é ní Bọ̀ọ̀dá mọ́.

Ẹ̀dà kìn-ín-ní lọ sọ́dọ̀ ọmọ olóhun. Oníwáyà dá ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà tuntun fi gba ìkejì wọlé, ìyẹn sì lọ sọ́dọ̀ Atẹ̀wé. Ọkọ ọ̀gá ò bàjẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ará, bí ètò kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́, tí wọn ò tà á mọ́, ẹ má sọ pé kò lólóhun. Ẹ wo ìwé àdéhùn tó bá a wá, nítorí àwọn olóhun mìíràn ti yọ̀ǹda tiwọn fún aráyé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin gbà kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ èyí tí ẹ rà fúnra yín, kó má baà parun, àmọ́ ẹ̀dà ìpamọ́ kì í ṣe ẹ̀dà àpínká. Àwọn ilé ìkàwé ní ààyè tiwọn láti ṣe ẹ̀dà láwọn ilẹ̀ kan. Òfin ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn, nítorí náà ẹ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ olóhun. Bí ẹ bá mọ olóhun, ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ gba àṣẹ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Tó bá ní òun ò gbà, ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ná, kí ẹ tó fi ìbẹ̀rù pa ara yín. Ohun tí ẹ pè ní ogun, ó lè jẹ́ ogún.